Omi inú ẹran ara alààyè: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bí a ṣe ń fi í mọ ìlera láìlo abẹ tàbí abẹ́rẹ́

Mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún ẹni tí dókítà ní kó lọ ya àwòrán MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà yà, fún ìyá tí wọ́n sọ fún pé omi ti tán lára ọmọ rẹ̀, àti fún ẹni tí òǹtajà kan ní kó di irin mú kí ẹ̀rọ lè ka gbogbo àrùn tó wà lára rẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn ará Ìbàdàn máa ń bi mí láti Mọ́kọ́lá títí dé Agbowó ni, mo sì dá wọn lóhùn bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún ẹni tó bá jókòó tì mí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ omi ni àwọn onímọ̀ ń wò, nígbà tó jẹ́ pé àrùn ni a ń wá?

Omi ló pọ̀ jù nínú ara wa, ọ̀pọ̀ àrùn tó bá sì wọ ara ló máa ń da ètò omi ibẹ̀ rú kí àpẹẹrẹ mìíràn tó yọjú. Bí ọkùnrin kan bá wọn kílò 70, nǹkan bí lítà 42 nínú rẹ̀ jẹ́ omi. Nínú lítà 42 yìí, bíi 28 ló wà nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa, 14 tó kù wà níta sẹ́ẹ̀lì, lítà mẹ́ta péré nínú èyí tó wà níta ló sì ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Ọmọ tuntun lómi lára jù wá lọ, nítorí nǹkan bí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ara rẹ̀ ni omi. Omi ara obìnrin sábà máa ń dín díẹ̀ sí ti ọkùnrin, nítorí ọ̀rá kì í gba omi púpọ̀ bí iṣan ṣe ń gbà á, bí ènìyàn bá sì ti ń dàgbà ni omi ara rẹ̀ ń dín kù.

Àmọ́ iye omi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Lítà 42 kan náà lè wà lára ẹni méjì, kí ara ọ̀kan le, kí èkejì sì wà lójú ikú, nítorí pé omi ti ẹni kejì ti kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ibi tí omi wà, àti bóyá ó ráyè rìn tàbí nǹkan kan há a mọ́, ni gbogbo ẹ̀rọ tí mo máa sọ̀rọ̀ nípa wọn nísàlẹ̀ yìí ń gbìyànjú láti mọ̀.

Ṣebí ojú àti ọwọ́ làwọn ìyá wa fi ń mọ èyí tẹ́lẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo wà ní àgbàlá kan ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ kan tí ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan. Ọmọ náà ti ń ya ìgbẹ́ gbuuru láti ọjọ́ méjì. Màmá náà kò sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ fi ìka ra àwùjẹ̀ ọmọ náà lọ, ó ra á bọ̀, ó sì rí i pé ó ti jìn wọnú bí ikùn ṣíbí. Ó wá fi àtàǹpàkò àti ìka kejì fa awọ ẹ̀gbẹ́ ìdodo rẹ̀ sókè, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Awọ náà kò padà bọ̀rọ̀, ńṣe ló dúró bí aṣọ tí a ṣẹ́ léti. Màmá náà wá gbójú sókè, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, tètè wá ọkọ̀, omi ti tán lára ọmọ yìí."

Ohun tí ìyá àgbà yẹn ṣe ni wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ẹ̀kọ́: bí awọ ikùn ọmọ bá gba ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ kó tó padà, omi ti lọ lára rẹ̀ jìnnà, ilé ìwòsàn ló sì kàn. Kí ẹ máa fi ṣíbí fún un ní omi ORS díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe kọ bí a ṣe ń pò ó sára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ má sì dúró de ìgbà tó bá ké pé òùngbẹ ń gbẹ òun, torí ọmọ tí omi ti tán lára rẹ̀ kì í lágbára láti ké mọ́.

Ọ̀nà kejì tí ọwọ́ ń gbà kà á ni ti ẹsẹ̀ wíwú. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, kí ẹ kà dé mẹ́wàá, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ihò bá dúró síbẹ̀, á jẹ́ pé omi ti jáde kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ó sì ti lọ jókòó sáàárín ẹran. Ó lè jẹ́ ọkàn ni kò lágbára mọ́, ó lè jẹ́ kíndìnrín, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀, ó lè jẹ́ ìfúnpá gíga lára aláboyún, ó sì lè jẹ́ àìjẹ oúnjẹ aṣaralóore lára ọmọdé. Ohun tí ọwọ́ kò lè ṣe ni pé kí ihò yẹn tó hàn lára àgbàlagbà, omi tó ti pọ̀ jù lára rẹ̀ sábà máa ń tó lítà méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ohun tó lè rí i ṣáájú ọwọ́.

Báwo ni ẹ̀rọ MRI ṣe ń rí omi, nígbà tí kò gé ènìyàn, tí kò sì gún un?

Ẹyọ omi tó kéré jù lọ ní átọ́ọ̀mù haidirójìn méjì àti ọ́síjìn kan. Àárín haidirójìn yìí máa ń ṣe bí òòfà kékeré kan. Lójoojúmọ́, olúkúlùkù àwọn òòfà kéékèèké yìí kọjú síbi tó wù ú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ inú ẹ̀rọ tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ tesla 1.5, èyí tó lágbára ju òòfà ilẹ̀ ayé lọ ní ìlọ́po tó tó 30,000, díẹ̀ nínú wọn á to ara wọn sí apá kan náà. Ẹ̀rọ náà á wá fi ìgbì rédíò ta wọ́n jí, ìgbì tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí mílíọ̀nù 64 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rántí pé láti 88 lọ sókè ni àwọn ilé iṣẹ́ FM wa ti ń sọ̀rọ̀, torí náà kò jìnnà sí tiwọn, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi bàbà bo ògiri yàrá MRI yí ká, kí rédíò ìta má baà da ohùn omi rú.

Bí ìgbì náà bá dákẹ́, àwọn òòfà kéékèèké náà á padà sí ipò wọn, wọn á sì máa dáhùn bí wọ́n ti ń padà. Omi tó wà lómìnira máa ń pẹ́ kó tó padà. Omi tó rọ̀ mọ́ àwọn èròjà inú ẹran máa ń tètè padà. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ti ń ya àwòrán. Haidirójìn wà nínú ọ̀rá náà, nítorí náà ọ̀rá ń dáhùn pẹ̀lú, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ sì mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọn kò bá fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní 1971, Raymond Damadian ní Amẹ́ríkà fi hàn pé omi inú kókó jẹjẹrẹ lára eku máa ń pẹ́ padà ju omi inú ẹran tó yá gágá lọ. Ní 1973, Paul Lauterbur ya àwòrán àkọ́kọ́ tó jáde lọ́nà yìí, ohun tó yà kò sì ju ọ̀pá tín-ín-rín méjì tí omi lásán wà nínú wọn, tí omi wúwo, ìyẹn omi tí haidirójìn rẹ̀ wúwo ju ti omi lásán lọ, sì yí wọn ká. Láti orí ọ̀pá omi méjì yẹn ni a ti dé ibi tí a ti ń rí ọpọlọ ẹni tó wà láàyè. Lauterbur àti Peter Mansfield ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 2003.

Rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi. Kí ni omi lè sọ fún dókítà níbẹ̀?

Bí mo bá ní kí n fi ohun kan ṣoṣo ṣàlàyé ìdí tí iye omi nìkan kò fi tó, èyí ni mo máa mú. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ọpọlọ ló ní ohun tó ń ti iyọ̀ jáde láìsinmi, agbára tó fi ń ṣe é sì ń bá ẹ̀jẹ̀ wá ni. Bí nǹkan bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ kan pa, ohun tó ń ti iyọ̀ jáde yìí á dáwọ́ dúró láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Iyọ̀ á wọlé, omi á tẹ̀ lé e, sẹ́ẹ̀lì á sì wú. Lásìkò náà, omi tó wà ní apá ọpọlọ yẹn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ńṣe ló kúrò níta tó gbòòrò, tó sì lọ há sínú ilé tóóró.

Ẹ fojú inú wo ènìyàn tó ń rìn ní pápá ìṣeré Líbátì nígbà tí kò sí eré níbẹ̀, kí ẹ wá wo ẹni kan náà láàárín Ọjà Bódìjà nígbà tí wọ́n ń já ata lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ kan náà ló fi ń rìn, àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan náà, kò lè jìnnà nínú ọjà bó ṣe jìnnà ní pápá. Irú MRI kan wà tó ń wọn bí omi ṣe rìn jìnnà tó láàárín ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi tó wà lómìnira kì í rìn jìnnà ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn irun orí lọ láàárín àkókò yẹn, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà ń mọ̀ ọ́n. Ibi tí omi ti há á wá tàn yanran nínú àwòrán. Denis Le Bihan ti ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ fi ọ̀nà yìí ya ọpọlọ ènìyàn, ó sì gbé e jáde ní 1986. Ní 1990, Michael Moseley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára ológbò pé ó ń rí rọpárọsẹ̀ ní wákàtí ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwòrán MRI ti tẹ́lẹ̀ kò tíì rí nǹkan kan.

Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì kì í sábà ṣiṣẹ́ mọ́ bí wákàtí mẹ́rin àbọ̀ bá ti kọjá lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnu bá wọ́, bí apá bá rọ, bí ọ̀rọ̀ bá di àkólòlò lójijì, ilé ìwòsàn tààrà ni, kí ẹnikẹ́ni má kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ fún ìfọwọ́rà. Bí síkáànì CT, ẹ̀rọ tó ń fi X-ray ya inú orí, ló bá sì wà níbi tí ẹ gbé e dé, ẹ má bá wọn jiyàn. CT ń tètè fi ẹ̀jẹ̀ tó tú sínú ọpọlọ hàn, èyí tó gbọ́dọ̀ di mímọ̀ kí wọ́n tó fúnni ní oògùn kankan. Nínú ìwádìí rọpárọsẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà, tó jáde ní 2018, CT tàbí MRI ni wọ́n fi fìdí àrùn náà múlẹ̀.

Ṣé MRI lè pa ènìyàn lára? Kí ni mo gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀?

Kò ní ìtànṣán bíi ti X-ray, kì í sì í dunni. Ariwo rẹ̀ pọ̀, nítorí náà wọ́n á fún yín ní ohun tí ẹ ó fi di etí, ẹ ó sì dùbúlẹ̀ láìmira fún bí 20 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ewu tó wà níbẹ̀ ni irin. Òòfà náà kì í sùn: ó ń ṣiṣẹ́ kódà bí iná bá lọ, nítorí inú helium, gáàsì tí wọ́n sọ di olómi, tó tutù dé ìwọ̀n 269 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n gbé e sí, agbára tó wà nínú rẹ̀ sì ń yí po fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé yàrá tó ṣókùnkùn ti di yàrá lásán.

Ẹ sọ fún wọn bí irin bá wà lára yín láti ìgbà iṣẹ́ abẹ, bí ẹ̀rọ bá ń ran ọkàn yín lọ́wọ́, bí ẹ bá ti ṣe iṣẹ́ jó-irin-mọ́-irin rí tí èérún irin sì fò sójú yín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ yẹ inú gèlè wò, torí mo ti rí pín-ìnì mẹ́rin tó jáde láti inú gèlè kan ṣoṣo. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wọ òrùka tàbí ìfúnpá tí wọ́n fi irin sé, tí ẹ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tijú. Ẹ pe òṣìṣẹ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ sọ fún un.

Ǹjẹ́ ìmọ́lẹ̀ lè ka omi inú ara?

Ó lè kà á, àmọ́ kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí. Ìmọ́lẹ̀ kan wà lẹ́yìn pupa tí William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ṣàwárí ní 1800, nígbà tó gbé ohun tí a fi ń wọn ooru síbi tí ojú kò ti rí àwọ̀ mọ́, tí ooru ibẹ̀ sì ń lọ sókè. Omi máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí mì ní àwọn ibì kan tó dájú, bíi ibi tí ìgbì rẹ̀ gùn tó nanomítà 970, 1450 àti 1940. Bí a bá tan án sí ẹran ara, tí a sì wo ohun tó padà, a lè mọ bí omi ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó, dé ìwọ̀n kan a sì lè mọ bí àwọn omi náà ṣe di ara wọn mú.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Roumiana Tsenkova ní Yunifásítì Kobe, ní Jàpáànù, ló sọ ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ní aquaphotomics ní 2005. Orí wàrà màlúù ló ti bẹ̀rẹ̀: àrùn ọmú màlúù máa ń yí ìrísí omi inú wàrà padà nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Èrò rẹ̀ ni pé omi dà bí dígí, gbogbo ohun tó bá wọ inú rẹ̀ ló ń fi àmì sílẹ̀ lára rẹ̀. Èrò náà wù mí gan-an, mo sì ń tẹ̀ lé e, àmọ́ àwọn olùwádìí ló ṣì ń lò ó jù. Kò tíì di ohun tí dókítà fi ń ṣe ìpinnu nílé ìwòsàn. Níbi tí irú ìmọ́lẹ̀ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn wa níbí láti 1967, wọ́n ń fi í mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú iṣu àti ẹ̀gẹ́ láìsí pé wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ sínú ààrò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti mọ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lo ìmọ́lẹ̀ pupa. Ní 2020, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ pé ọ́síjìn tó nígbà tí kò tó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Dúdú inú awọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìmọ́lẹ̀ tó jìnnà sí pupa bíi ti nanomítà 1450 lọ́wọ́, ìyẹn sì ń fúnni ní ìrètí, ṣùgbọ́n ìrètí kì í ṣe ẹ̀rí. Kí ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ èyíkéyìí tó wọ ilé ìwòsàn wa, ara àwọn ènìyàn wa ló yẹ kí wọ́n ti dán an wò.

Òṣùwọ̀n kan wà tó ń sọ iye omi ara bí mo bá gun orí rẹ̀ láìwọ bàtà. Ṣé òótọ́ ló ń sọ?

Òótọ́ díẹ̀ ni. Omi ara wa ní iyọ̀ nínú, iná mànàmáná sì máa ń gba inú omi oníyọ̀ kọjá ju bó ṣe ń gba inú ọ̀rá lọ. Òṣùwọ̀n náà ń rán iná tó kéré débi pé ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún áḿpíà, láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì. Iná tó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ kì í lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ńṣe ló ń gba ẹ̀yìn wọn kọjá; èyí tó ń gbọ̀n kíákíá ń wọ inú wọn. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn tó ń lo oríṣi méjèèjì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín omi inú sẹ́ẹ̀lì àti omi ìta, èyí sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nítorí kíndìnrín, kí wọ́n lè mọ omi tó yẹ kí wọ́n fà kúrò.

Èyí tó wà nílé tàbí níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìmárale ń fojú díwọ̀n ni. Bí ẹ bá mu pọ̀ wọ́tà méjì tán, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, bí ẹ bá gbá bọ́ọ̀lù dé, iye tó máa sọ á yí padà. Ẹ máa lò ó ní àsìkò kan náà láàárọ̀, kí ẹ sì wo ibi tó ń lọ láti oṣù dé oṣù dípò iye ọjọ́ kan. Ẹni tí ẹ̀rọ ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ gun orí rẹ̀.

Àwọn kan ní kí n di irin kan mú, kí ẹ̀rọ wọn sọ gbogbo àrùn tó wà lára mi. Ṣé ohun kan náà ni?

Rárá. Inú máa ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo ti rí ẹni tó pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tì torí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde látinú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo dúró lábẹ́ agboòrùn ọ̀kan nínú wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo di irin náà mú pẹ̀lú ọwọ́ gbígbẹ, ó ní kíndìnrín mi ń ṣàárẹ̀. Mo lọ fi omi fọ ọwọ́, mo padà láìnu ọwọ́, mo tún dì í mú. Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ti àkọ́kọ́, kíndìnrín mi ti sàn, ẹ̀dọ̀ ló kàn. Omi àtẹ́lẹwọ́ mi ni ohun tó yí padà láàárín ìgbà méjèèjì.

Ẹ̀rọ tó ń ka omi ara lóòótọ́ máa ń sọ ohun kan tàbí méjì tó dájú, a sì lè fi ọ̀nà mìíràn yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Láti 1934 ni George de Hevesy àti Erich Hofer ti lo omi wúwo láti mọ iye omi inú ara ènìyàn: ẹni náà á mu ún, wọ́n á dúró kó pò mọ́ omi ara rẹ̀, wọ́n á sì yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò láti mọ bó ṣe là tó. Títí di òní, irú ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n oníná wò. Ẹ bi ẹni tó ni ẹ̀rọ onírin náà pé kí ni wọ́n fi dán tirẹ̀ wò. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ oògùn tó fẹ́ tà fún yín, ẹ máa lọ sílé.

Ṣé síkáànì tí àwọn aláboyún ń ṣe lè rí omi náà?

Ó ń rí i dáadáa. Bí omi bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìlà funfun máa ń já wálẹ̀ láti etí rẹ̀ nínú àwòrán, èyí sì ń ran dókítà lọ́wọ́ nígbà tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn kò bá lè sùn àfi kó to ìrọ̀rí ga. Àwùjẹ̀ ọmọ tún ń ṣe fèrèsé fún un: kí àwùjẹ̀ tó pa, a lè gba ibẹ̀ wo inú orí ọmọ bí omi bá ń gbá jọ sínú ọpọlọ. Ìyá tó bá rí i pé orí ọmọ rẹ̀ ń yára tóbi tàbí pé àwùjẹ̀ rẹ̀ ń ru sókè nígbà tí kò sunkún, kó má dúró kí àwùjẹ̀ náà pa.

Jínótáìpù ọmọ mi jẹ́ SS. Kí ni omi ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀?

Ó ní í ṣe púpọ̀. Bí omi bá jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, àwọn èròjà S inú rẹ̀, tó ń gbé ọ́síjìn, á ki, wọn á so mọ́ ara wọn, sẹ́ẹ̀lì á sì tẹ̀ bí dòjé. Kíndìnrín àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sì í lè dá omi dúró dáadáa, nítorí náà wọ́n máa ń tọ̀ ju ẹlòmíràn lọ, kódà nígbà tí omi kò tó lára wọn. Ẹ má bá ọmọ náà jà pé ó ń tọ̀ sórí ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí ìgò omi wà nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì bá olùkọ́ rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n máa jẹ́ kó jáde lọ tọ̀.

Ṣé kí n kàn máa mu omi púpọ̀?

Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn lè jẹ́ ẹni tí dókítà díwọ̀n omi fún, ìwọ̀n yẹn ni kó tẹ̀ lé. Ẹni tí ara rẹ̀ yá lè fi òùngbẹ àti àwọ̀ ìtọ̀ ṣe atọ́nà: bí ìtọ̀ bá pọ́n, kó mu omi sí i.

Ṣé àyẹ̀wò wọ̀nyí máa gba ipò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀?

Wọn kò lè gbà á. Kòkòrò ibà, jínótáìpù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ń fà, a kò lè tipasẹ̀ omi mọ wọn. MRI lè fi hàn wá pé kókó kan wà nínú ọmú tàbí nínú ọpọlọ, kó sì fi bó ṣe tóbi tó hàn, síbẹ̀ wọ́n sábà máa ń gé díẹ̀ lára kókó náà láti mọ orúkọ tó ń jẹ́. Bí wọ́n bá ya MRI fún yín, ẹ gba ìwé èsì àti àwo CD tí àwòrán náà wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì máa gbé e dání bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, torí dókítà tó bá rí omi ti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi ti òní á rí ohun tí àwòrán kan ṣoṣo kò lè fi hàn án.